Ọ́ìlì Ilé Mẹ́fà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àgbààgbà ṣe lè fi ọwọ́ ara wọn ba ohun tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́, kó lọ béèrè ní àdúgbò Òkè-Àràbà ní Ọ̀kà. Wọn ò ní sọ fún un o, ojú ń tì wọ́n. Àsàmáù nìkan ló lè sọ ọ́. Òun náà kì í sọ ọ́ láìbínú, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí pé ó bínú.

Orí àpáta ni Òkè-Àràbà jókòó lé. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga níbẹ̀, òkúta lẹ máa kàn, ẹ ò ní kan omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ àdúgbò kan tó wà lókè òkun gbẹ́ bóòhóòlù fún wọn, àtọmọdé àtàgbà ló jó. Iná ìjọba ló yẹ kó máa fa omi náà, àmọ́ tiransifọ́mà àdúgbò jóná kí ọdún tó yí po, ó di ibi tí ewúrẹ́ ń sá òòrùn sí. Ọmọ òkè òkun yìí tún ra jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísù ránṣẹ́, ó ní òun ti ṣe tòun, kí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ládùúgbò máa bójú tó o. Wọ́n kó ìgbìmọ̀ omi jọ, wọ́n fi Alájì Jímọ̀ ṣe alága, wọ́n fi Tíṣà Ọlálẹ́yẹ ṣe akọ̀wé.

Sulemọ́nù, ọkọ Àsàmáù, ni wọ́n ní kó máa tan ẹ̀rọ náà. Ojú Sulemọ́nù ti ń ṣú nígbà náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló wá ń wo géèjì fún un. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, Àsàmáù á fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á nù ún, á tì í bọnú padà, á tún fà á yọ, á wá sọ ibi tí ọ́ìlì dé fún ọkọ rẹ̀. Ilà méjì ló wà lára ọ̀pá náà. Ọ́ìlì kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ilà ìsàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá ilà òkè. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé nígbà tí Sulemọ́nù jáde láyé, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà tó o ní gbogbo Òkè-Àràbà. Àwọn ìgbìmọ̀ ń ṣe bí ẹni pé àánú opó làwọn ṣe tí àwọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Àánú wo? Wọn ò rí ẹlòmíì ni.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ tí ohun gbogbo lọ déédéé. Nígbà tó yá, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Àsàmáù tẹ Ládélé láago, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Àgbè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ládélé tó ráyè wá. Ó ní rọ́bà róbótó tí wọ́n ń pè ní síìlì, èyí tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú níbi tí irin tó ń yí gbé yọrí síta, ló ti gbó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ. Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni, à bá dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń retí Ládélé, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó máa ń pẹ́ tó oṣù méjì ti tán pátápátá. Alájì Jímọ̀ ránṣẹ́ pe Àsàmáù, ó béèrè ibi tó wọlé sí. Àsàmáù ní ó jò ni, ó mú wọn lọ síbi iyẹ̀pẹ̀ tó mu ún. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà wò bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wá ní iyẹ̀pẹ̀ kékeré báyìí ò lè mu odidi gálọ́ọ̀nù kan. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe òfin.

Òfin náà rèé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ Àsàmáù mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ilé kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gbé gálọ́ọ̀nù kan wá, wọ́n á rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á dojú gálọ́ọ̀nù dé orí àrọ títí tí ẹ̀kán tó kẹ́yìn á fi kán, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ gé gálọ́ọ̀nù náà sí méjì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i rọ nǹkan sí mọ́. Wọ́n ní bí ọ́ìlì bá ti wọnú irin lójú gbogbo ayé, olè ò lè rí i jí. Inú wọn dùn sí ọgbọ́n yìí púpọ̀. Àwọn obìnrin tó wá pọn omi pàtẹ́wọ́.

Sátidé àkọ́kọ́, nígbà tí ilé Alájì gbé tiwọn wá, Àsàmáù fa géèjì yọ, ó fi hàn wọ́n. Ó ní Ládélé ti rọ ọ́ìlì tó tó, ilà òkè ló wà yìí, kí wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù náà pa mọ́ di ìgbà tí ẹ̀rọ bá nílò rẹ̀. Alájì Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni kí àwọn gbé e pa mọ́ sí, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ fi kún un pé àwọn ò mọ géèjì kà, ohun tó bá wu ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló máa kà fáwọn. Wọ́n dojú gálọ́ọ̀nù dé àrọ. Àsàmáù dúró, ó ń wò wọ́n. Ó nu géèjì, ó tì í bọnú padà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ilé Ọlálẹ́yẹ gbé tiwọn wá, wọ́n sì fi ìgò kan lé e, kí wọ́n má baà sọ pé ilé Alájì lawọ́ jù wọ́n lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ilé kẹta gbọ́ pé ilé Ọlálẹ́yẹ fi ìgò kan lé e. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Kò sí ẹnì kan tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ bóyá ó ti yó.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó ń jò lẹ́yìn, ó ń jò níwájú, ó ń jò lábẹ́ ìdérí òkè níbi tí kò ti jò rí. Èéfín búlúù ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Síìlì tuntun tí Ládélé fi sí i, kò pé oṣù kan tó fi ya. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ńṣe ló ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Àsàmáù gbé abọ́ ńlá sábẹ́ rẹ̀, bó bá kún, á dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, á gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kí Ládélé rí bó ṣe pọ̀ tó bó bá dé. Bákan náà, obìnrin tí wọ́n ti bi léèrè ibi tí gálọ́ọ̀nù kan wọlé sí kò ní jẹ́ da ẹ̀kán kan nù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni Memunat, ìyàwó Alájì Jímọ̀, wá ewúrẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ, ó sì rí kẹ́ẹ̀gì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi igbe bọnu. Ó ní òun ti rí olè ọ́ìlì àdúgbò, pé Àsàmáù ìyá Ràfíátù ló ń fà á lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń kó o pa mọ́ de àwọn onípákó tó ń ra ọ́ìlì dúdú fi kun pákó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ kejì, kò sí ilé tí kò gbọ́. Ràfíátù, ọmọ Àsàmáù, gbé garawa lọ síbi omi láàárọ̀, òfìfo ló gbé bọ̀. Àwọn obìnrin ti ní kí ọmọ olè bọ́ sẹ́yìn.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn gbé garawa sílẹ̀, ó ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dun Àsàmáù wọra. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àtijẹ àtimu kò ní torí ẹ̀ tán láyé, ó ní oko gbágùúdá lọ́nà Ìpè. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ yìí, tí kò bá rí i nù kúrò, ọmọ náà á gbé e wọ ilé ọkọ.

Alájì Jímọ̀ ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́bọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé, kó wá gbá Kùránì mú níwájú ilé ẹ̀rọ, kó búra pé òun ò fa ọ́ìlì. Àsàmáù ní kí ẹni tí wọ́n rán bá òun sọ fún Alájì pé òun ò sá fún ìbúra, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó tẹ Ládélé láago. Ládélé bínú lórí fóònù, ó rò pé ó fẹ́ sọ pé síìlì tí òun fi síbẹ̀ kò dáa. Nígbà tó gbọ́ pé gálọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ń rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó fi ìbínú sílẹ̀. Ó wá ní òun ń bọ̀.

Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Wọ́n ti fi aṣọ funfun we Kùránì sórí tábìlì. Ilé kẹta, tó kan láti rọ ọ́ìlì, ti gbé gálọ́ọ̀nù tiwọn dání. Ládélé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò tilẹ̀ kí wọn tán tó fi fa géèjì yọ. Ọ́ìlì ti kọjá ilà òkè, ó gun ọ̀pá náà lọ bí ìka mẹ́rin. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

“Ta ni ó rọ rúbíìṣì yìí?” ó béèrè.

Ó ní ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ṣá. Ó ní nínú ẹ́ńjìnnì, irin kan wà tó ń yí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú, ó sì yẹ kí ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ọ́ìlì bá ti wá ga débi tí irin náà wà, ńṣe ni yóò máa lù ú, á máa hó, èéfín inú rẹ̀ ò ní ríbi gbà, á wá máa ti ọ́ìlì jáde níbikíbi tó bá ti rí àyè. Ó ní bí èèyàn bá rọ ògì kún ìkòkò dé ẹnu, tó sì ń koná mọ́ ọn, ṣé ó máa wá sọ pé aládùúgbò òun ló jí ògì tó wà nílẹ̀? Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín.

Ládélé tú bóòtù tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fa ọ́ìlì jáde títí tí géèjì fi bọ́ sí ilà òkè. Gálọ́ọ̀nù méjì ni èyí tó lé. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì Àsàmáù wá, ó wọ̀n ọ́n lójú wọn, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú mẹ́jọ tí wọ́n rọ, kí wọ́n wo èéfín tó kun ògiri àti iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀, wọ́n á rí i. Ó ní ọ́ìlì wọn pé. Ó pààrọ̀ gbogbo síìlì tó ti ya, ó de gbogbo bóòtù, ó tan ẹ̀rọ, kò jò mọ́. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má rọ ẹ̀kán kan sí i mọ́ àyàfi tí Àsàmáù bá ní kí wọ́n rọ ọ́. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà rí ibi pọ̀ ọ́ sí, àmọ́ nísinsìnyí tí òun ti dí gbogbo rẹ̀, kò ní ríbi pọ̀ ọ́ sí mọ́.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. Rárá o. Alájì Jímọ̀ tún ọ̀fun ṣe, ó ní Ọlọ́run ti tú àṣírí ohun gbogbo, pé ìgbìmọ̀ ti dárí ji Àsàmáù, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n dárí jì í. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n dárí jì, àwọn tó ṣẹ̀ ló sì ń pín ìdáríjì.

Àsàmáù rọra béèrè pé kí ni wọ́n dárí rẹ̀ ji òun. Alájì ní kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Àsàmáù ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ní gbangba ni wọ́n ti pe òun ní olè, níbi omi, níwájú ọmọ òun, nítorí náà gbangba yìí náà ni kí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé òun kì í ṣe olè. Òun ò béèrè nǹkan mìíràn. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ ní ṣé ó fẹ́ kí àgbààgbà tó lè bí i lọ́mọ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀. Memunat fi ìborùn bo ẹnu. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Àsàmáù kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì tí wọn ò rí lò, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ sílé.

Ìgbìmọ̀ ní kò burú. Adéṣínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tíṣà Ọlálẹ́yẹ, ní ẹ̀rọ tó ń lọ ata, wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ ata, ó mọ ẹ̀rọ gbogbo. Òun ló gba kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi tan ẹ̀rọ náà tí omi sì ń yọ, àwọn èèyàn ti ń sọ pé kí ni Àsàmáù tiẹ̀ ń ṣe fáàrí lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló tún dá wàhálà sílẹ̀. Tíṣà Ọlálẹ́yẹ ní kí wọ́n dáwọ́ rírọ dúró gẹ́gẹ́ bí Ládélé ṣe wí, kí gálọ́ọ̀nù ilé kọ̀ọ̀kan máa wà lọ́wọ́ Adéṣínà. Alájì Jímọ̀ bojú wò ó. Ó ní nígbà tó jẹ́ ìyá Ràfíátù, Tíṣà ò gbà kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó wá di ọmọ ilé Tíṣà, ó ti yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ní ṣé wọ́n fẹ́ sọ pé olè ni ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Alájì ní òun ò pe ẹnikẹ́ni lólè, òfin lòun ń sọ. Àwọn tó gbè sẹ́yìn Alájì ní ará Ìkàrẹ́ ni Ládélé, kò mọ bí àwọn ṣe ń bá ara àwọn gbé. Ìbínú gbé Tíṣà, ó ní kó má di ohun tí wọ́n á fi bú ilé àwọn, kí wọ́n rọ ọ́, kí wọ́n rọ ọ́ kó kún. Ilé kẹta tí kò rí tirẹ̀ rọ lọ́jọ́ tí Ládélé wá, wọ́n ní àwọn náà ò ní gbẹ̀yìn. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, gálọ́ọ̀nù méjì, ti ilé kẹta àti ti ilé kẹrin, ni wọ́n dojú rẹ̀ dé àrọ, lórí ẹ̀rọ tó ti yó, tí gbogbo ojú rẹ̀ sì dí pa. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àsàmáù wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́, nígbà tó gbọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó mọ ohùn rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ ohùn ọmọ yín. Ó gbọ́ tó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń ga, tó ń ga, tí kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sulemọ́nù ti sọ ọ́ fún un rí pé ọ̀nà kan wà tí ẹ́ńjìnnì dísù fi máa ń ya wèrè: bí ọ́ìlì bá gba ihò èémí wọ ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì bí ẹni ń jẹ dísù, wọ́n lè pa kọ́kọ́rọ́, wọ́n lè dí dísù, kò ní gbọ́, á máa sáré títí tí yóò fi fọ́ ara rẹ̀ tàbí fọ́ orí ẹni tó dúró tì í.

Ó lè jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, àwọn tó pe ọmọ rẹ̀ lọ́mọ olè ló yí i ká. Ṣùgbọ́n Àsàmáù ti wà lójú ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun dìde.

Nígbà tó débẹ̀, èéfín funfun ti bo gbogbo iwájú ilé ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn ti tú ká, garawa wà nílẹ̀ káàkiri. Adéṣínà dúró lójú ilẹ̀kùn, ó di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́wọ́, ó ń pariwo pé òun ti pa á, òun ti pa á. Ẹ̀rọ náà ń han, ilẹ̀ ń mì. Àsàmáù ti Adéṣínà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé. Ó ń wá àkísà, kò rí. Ó fa híjáàbù tó wà lórí rẹ̀ yọ, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó kì í bọ ẹnu ibi tí ẹ̀rọ gbé ń fa afẹ́fẹ́, ó fi gbogbo ara tì í. Ẹ̀rọ náà fa aṣọ náà mọ́ra, ó gbọ̀n, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àsàmáù jáde wá láìborí, ọ́ìlì ń kán ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, irun rẹ̀ tó ti ń funfun wà níta lójú gbogbo ọkùnrin àdúgbò. Ó ń mí gúlegúle. Ó ń retí, kò mọ ohun tó ń retí gan-an. Bóyá kí ẹnì kan kàn ní ó kú iṣẹ́.

Alájì Jímọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i, kò tilẹ̀ pariwo.

“Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á,” ó ní, “òun náà ló mọ ohun tó ṣe é.”

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní wọ́n mi orí. Wọ́n rí gálọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n gé ní ìdajì nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n rí àrọ, wọ́n sì mi orí. Àsàmáù wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. Ọdún méjì tó fi ka géèjì fún ọkọ rẹ̀, oṣù méjì tó fi ń gbé abọ́ sábẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ń dà nù, èrè rẹ̀ nìyí.

Memunat ló bọ́ síwájú. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í dá ọkọ rẹ̀ lóhùn ní ìta.

“Bàbá Àmúsà, ẹ dákẹ́.” Ọkọ rẹ̀ ló ń bá wí. Ó yíjú sí àwọn èèyàn. “Èmi ni mo rí kẹ́ẹ̀gì yẹn, èmi ni mo pariwo olè. Láti ọjọ́ tí mẹkáníìkì ti wọ̀n ọ́n lójú wa ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, mo sì panu mọ́ nítorí pé ulé wa ló kọ́kọ́ rọ ọ́. Ìyá Ràfíátù kì í ṣe olè. Ulé Jímọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, èmi ni mo sì ń bá wọn sọ ọ́.”

Ó ṣí ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bo orí Àsàmáù, ó so ó fún un nísàlẹ̀ àgbọ̀n bí ẹni ń múra fún ọmọ. Alájì Jímọ̀ wò ó, ó rọra sọ ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni omijé wá bọ́ lójú Àsàmáù. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ọ́ìlì kun ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Adéṣínà sún mọ́ ọn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí màmá jọ̀ọ́ bá àwọn wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ṣì máa ṣiṣẹ́, pé kò sí omi kankan nínú táǹkì. Obìnrin kan lẹ́yìn ní òótọ́ ni, àwọn ò tíì pọn ẹyọ garawa kan láti àárọ̀.

Àsàmáù kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní ó máa ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fa ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde, òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú ilẹ̀kùn, ó tún ìborùn Memunat so, ó wá kọjú sí gbogbo wọn, láti orí Tíṣà Ọlálẹ́yẹ dé orí ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá.

“Ilé kan ti sọ̀rọ̀,” ó ní. “Ó ku márùn-ún. Mi ò kánjú.”